Ṣé Hountondji Yí Ọ̀rọ̀ Rẹ̀ Padà Lóòótọ́?

Nígbà tí ìròyìn kàn mí pé Paulin Hountondji, onímọ̀ fìlọ́sọ́fì ọmọ orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, ti kú ní ọjọ́ kejì oṣù Kejì ọdún 2024, ní ẹni ọdún 81, ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo lọ sí ìdí pẹpẹ ìwé mi, mo mú ìwé rẹ̀ méjì, mo sì tẹ́ wọn sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí tábìlì. Ọ̀kan ni Sur la philosophie africaine tí ó jáde ní Paris ní 1976, èyí tí àwa tí a ń ka Gẹ̀ẹ́sì mọ̀ sí African Philosophy: Myth and Reality láti 1983. Èkejì ni Les savoirs endogènes, ìwé tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pawọ́ pọ̀ kọ, tí ó ṣe olóòtú rẹ̀, tí CODESRIA, ìgbìmọ̀ ìwádìí ìmọ̀ àwùjọ ní ilẹ̀ Áfíríkà, sì tẹ̀ jáde ní Dakar ní 1994. Ìwé àkọ́kọ́ ni ó sọ ọ́ di ẹni tí gbogbo ènìyàn ń bá jiyàn, nítorí nínú rẹ̀ ni ó ti ní kí a yé pe àṣà, òwe àti ìtàn ìṣẹ̀ǹbáyé ní fìlọ́sọ́fì. Nínú ìwé kejì, ọkùnrin kan náà ni ó kó àwọn onímọ̀ jọ kí wọ́n yẹ ìṣirò, ìwòsàn, iṣẹ́ irin, òjò pípè àti dídá Fá (bí wọ́n ṣe ń pe Ifá ní Bẹ̀nẹ̀) wò, gẹ́gẹ́ bí ìmọ̀ tí ó yẹ kí a fi ọ̀wọ̀ bá lò.

Ọdún 18 ni ó wà láàárín ìwé méjèèjì. Nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́, olùkọ́ wa kan sọ fún wa pé Hountondji ti ronú pìwà dà, pé àwọn tí ó bá a wí ní àwọn ọdún 1970 ti ṣẹ́gun rẹ̀, ó sì ti padà sílé. A kọ ọ́ sínú ìwé wa, èmi náà sì gbà á gbọ́ fún ọdún púpọ̀. Ìwé 1994 kò sí ní ilé ìkàwé wa nígbà náà, nítorí náà a kò lè fi ojú ara wa wò ó. Lónìí n kò gbà á gbọ́ mọ́. Ohun tí mo rí nínú ìwé méjèèjì ni pé ìbéèrè kan ni ó ń lé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àmọ́ oko tí ó ti ń lé e fẹ̀ sí i, àwọn ohun kan sì wà tí ó kọ̀ ní ìgbà èwe tí ó wá gbà ní ìgbà àgbà. Ọ̀rọ̀ ẹni tí ó pìwà dà yàtọ̀ sí èyí.

Kí n tó ṣàlàyé, ó dára kí a kọ́kọ́ wo bí Hountondji fúnra rẹ̀ ṣe ka ẹlòmíràn tí èrò rẹ̀ yí padà, nítorí pé ó ṣe iṣẹ́ yẹn gan-an nínú ìwé 1976, n kò sì mọ ìdí tí àwọn tí ó ń sọ̀rọ̀ nípa ìyípadà rẹ̀ kì í fi í lọ kọ́ ẹ̀kọ́ níbẹ̀. Ó fi orí méjì sọ̀rọ̀ nípa Kwame Nkrumah. Nkrumah tẹ ìwé fìlọ́sọ́fì rẹ̀, Consciencism, jáde ní 1964, nígbà tí ó jẹ́ ààrẹ Gánà tí agbára sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kejì 1966, nígbà tí ó wà ní ìrìn àjò ní ilẹ̀ Éṣíà, àwọn ológun gba ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì di ẹni tí ń gbé ní Conakry, ní orílẹ̀-èdè Gínì. Láti ibẹ̀ ni ó ti tún ìwé náà ṣe, ẹ̀dà tuntun sì jáde ní 1970, ọdún méjì ṣáájú ikú rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń pe ẹ̀dà méjèèjì ní ìwé kan náà. Hountondji kọ̀, ó jókòó, ó sì fi wọ́n wéra. Àkòrí pàápàá ti yí: ti 1964 sọ̀rọ̀ nípa ìdàgbàsókè àti ìyípadà ńlá ilẹ̀ Áfíríkà, ti 1970 gé e kù sí ìdáǹdè kúrò lábẹ́ ìmúnisìn. Ọ̀rọ̀ ìṣáájú tuntun sọ pé ìjàkadì ilẹ̀ Áfíríkà ti wọ àkókò ohun ìjà. Ní 1964, Nkrumah gbà pé àwùjọ àwọn baba ńlá wa jẹ́ ti àjùmọ̀ṣe tí kò sí ẹgbẹ́ olówó àti ẹgbẹ́ tálákà tí ń bá ara wọn jà, àti pé láti ibẹ̀ a lè rìn bọ́ sínú ètò àjùmọ̀ní tuntun láìsí ìjà ńlá. Ní 1970, ẹni tí àwọn ọmọ ilẹ̀ rẹ̀ fúnra wọn ti gba ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀ kò lè sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìjà láàárín àwọn tí ó ní àti àwọn tí kò ní wọ inú ìwé náà, ó sì tún fi odidi ìwé mìíràn sọ ọ́ ní ọdún kan náà.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù nínú ìwé kíkà yìí ni ohun tí Hountondji ṣe lẹ́yìn ìfiwéra. Kò sọ pé Nkrumah ti di ẹlòmíràn, kò sì sọ pé kò sí ohun tí ó yí. Ó gbà pé ìyípadà náà tóbi, ó sì ní ọlá, nítorí pé ẹni tí ó rí àṣìṣe ara rẹ̀ tí ó sì tún un kọ kò wọ́pọ̀ láàárín àwọn olórí. Ṣùgbọ́n ó béèrè ohun tí ó wà lábẹ́ ẹ̀dà méjèèjì tí ọwọ́ àtúnṣe kò kàn: kí ló dé tí odidi kọ́ńtínẹ́ǹtì kan fi gbọ́dọ̀ ní ètò èrò kan ṣoṣo tí gbogbo ènìyàn inú rẹ̀ yóò jùmọ̀ gbà? Kí ló dé tí ìṣèlú fi gbọ́dọ̀ wá ìpìlẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ nípa ohun tí a fi ṣẹ̀dá ayé? Nkrumah tún orúlé àti ògiri ṣe, Hountondji sì tẹ̀ wá lójú mọ́ ìpìlẹ̀ ilé. Lẹ́yìn náà, nínú àwọn ìwé rẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, ó tún mẹ́nu ba àpilẹ̀kọ oyè ọ̀mọ̀wé kan tí Nkrumah bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Pennsylvania ní àwọn ọdún 1940, tí ọ̀rọ̀ náà ethnophilosophy, ìyẹn fìlọ́sọ́fì tí a ní odidi ẹ̀yà kan jùmọ̀ ní, hàn nínú àkòrí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí Hountondji àti Marcien Towa ti Kamẹrúùnù sọ di ọ̀rọ̀ ìbáwí ní nǹkan bí 1970 ni Nkrumah ti fi ayọ̀ pe iṣẹ́ ara rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 25 ṣáájú. Bí ìwé àtijọ́ kan bá jáde láti inú àpótí báyìí, gbogbo ohun tí a ti sọ nípa ìbẹ̀rẹ̀ amòye náà ni a ní láti tún gbé yẹ̀ wò.

Ẹ jẹ́ kí a wá fi ọ̀nà ìwé kíkà yìí ka ẹni tí ó ni ín.

Ohun tí ó kọ́kọ́ sọ ṣe kedere. Ó ní fìlọ́sọ́fì Áfíríkà ni àkójọ ìwé tí àwọn ọmọ Áfíríkà kọ, tí àwọn òǹkọ̀wé náà fúnra wọn sì pè ní fìlọ́sọ́fì. Ìtumọ̀ yìí gbẹ, ó sì bí ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú, ṣùgbọ́n a kò lè lóye rẹ̀ bí a kò bá mọ ẹni tí ó ń bá jà. Placide Tempels, àlùfáà ọmọ Bẹ́ljíọ̀mù tí ó ṣiṣẹ́ ní Kóńgò, ti kọ ìwé ní 1945 pé àwọn Bántú ní fìlọ́sọ́fì kan tí ó dúró lórí agbára tí ó wà nínú ohun gbogbo, pé gbogbo wọn ni ó jùmọ̀ ní in, ṣùgbọ́n pé àwọn fúnra wọn kò lè fi ẹnu ara wọn ṣàlàyé rẹ̀. Lójú rẹ̀, àwọn òyìnbó ni yóò bá wọn sọ ọ́. Alexis Kagame ti Rùwáńdà tẹ̀lé e ní 1956 pẹ̀lú ìwádìí tí ó jinlẹ̀ ju ti Tempels lọ nínú èdè Kinyarwanda, síbẹ̀ òun náà gbà pé fìlọ́sọ́fì kan wà tí gbogbo ẹ̀yà kan jùmọ̀ ní láìsí ẹni kan tí ó rò ó. Irú fìlọ́sọ́fì ajùmọ̀ní yìí ni Hountondji kọjú ìjà sí. Ó béèrè pé: ta ni àwọn ìwé wọ̀nyí ń bá sọ̀rọ̀? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé àwọn ará Yúróòpù ni, àwọn aláṣẹ amúnisìn àti àwọn míṣọ́nnárì tí ó fẹ́ mọ bí wọn yóò ṣe bá àwọn tí wọ́n ń ṣàkóso lò. A ń sọ̀rọ̀ nípa ọmọ Áfíríkà, ṣùgbọ́n a kì í bá a sọ̀rọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú gbólóhùn yìí dání, nítorí mo máa padà sí i.

Àtakò kò pẹ́ dé. Èyí tí ó le jù lọ ti ọwọ́ Ọlábíyì Yáì wá, ọmọ Yorùbá láti orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ kan náà, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1977 nínú Second Order, jọ́nà fìlọ́sọ́fì tí Yunifásítì Ifẹ̀ ń gbé jáde. Yáì ní Hountondji àti àwọn tí ó ń ronú bíi tirẹ̀ ń fi ìwé kíkọ ṣe odi, wọ́n sì ń ti àwọn tí kò kàwé síta láì tíì fetí sí ohun tí wọ́n ń sọ. Oyekan Owomoyela náà kọ ọ̀rọ̀ tí ó jọ ọ́ ní 1987. Ní ti Sophie Olúwọlé, tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ni ní Yunifásítì Èkó, ẹsẹ Ifá pàápàá jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ènìyàn lè gbé wò, kí ó sì bá jiyàn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu ni ó gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. Mo fara mọ́ ọ̀pọ̀ nínú ohun tí àwọn wọ̀nyí sọ. Ẹni tí ó bá ti jókòó níbi tí àwọn babaláwo méjì ti ń tako ara wọn lórí ìtumọ̀ ẹsẹ kan yóò mọ̀ pé àìsí ìwé kò fi hàn pé kò sí àríyànjiyàn.

Nígbà tí ìwé 1994 wá jáde, ó rọrùn láti pa ìtàn náà pọ̀: wọ́n bá a wí, ó gbọ́, ó sì padà. Àmọ́ bí a bá ka ìwé náà fúnra rẹ̀, ìtàn náà kò dúró. Hountondji kò kó àwọn ìmọ̀ abẹ́lé wọ̀nyẹn jọ kí ó lè yìn wọ́n. Ẹ̀sùn tí ó fi kan ipò tí wọ́n wà ni pé a ti tì wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ kan, àwọn yàrá ìwádìí sì wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì, tí ẹnì kan kò sì bá èkejì sọ̀rọ̀; ẹni tí àìsàn ń ṣe yóò lọ sí ilé ìwòsàn ní àárọ̀, yóò lọ sí ọ̀dọ̀ oníṣègùn ní alẹ́, kò sì sí ibi tí ìmọ̀ méjèèjì ti ń pàdé láti dán ara wọn wò. Ohun tí ó ń béèrè ni pé kí a yẹ ìmọ̀ abẹ́lé wò, kí a ya èyí tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí kò fẹsẹ̀ múlẹ̀, kí a sì mú ohun tí ó kù wọ inú ìwádìí tí àwa fúnra wa ń darí. Fìlọ́sọ́fì ajùmọ̀ní kì í yẹ nǹkan wò. Ó ń ròyìn rẹ̀ ni. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ìròyìn àti àyẹ̀wò, tí ó la ìwé 1976 já láti òkè dé ilẹ̀, wà nínú ìwé 1994 bí ó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Èyí ni mo fi ní kí ẹ mú ọ̀rọ̀ ta-ni-a-ń-bá-sọ̀rọ̀ dání. Okùn tí ó so ìgbà èwe Hountondji mọ́ ìgbà àgbà rẹ̀ ni ohun tí ó ń pè ní extraversion, tí èmi yóò pè ní ìkọjúsíta: kí onímọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà máa kọ̀wé fún ojú tí ó wà ní òkè òkun, kí ìbéèrè tí ó ń dáhùn jẹ́ èyí tí wọ́n gbé kalẹ̀ níbòmíràn. Ní àwọn ọdún 1970, fìlọ́sọ́fì nìkan ni ó fi ọ̀rọ̀ náà bá wí. Ní àwọn ọdún 1980 àti ìbẹ̀rẹ̀ 1990, ó rí i pé àrùn kan náà ni ó ń ṣe gbogbo ẹ̀ka ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì wa. Ó fi í wé ọ̀nà tí a fi ń ṣòwò pẹ̀lú ayé: bí a ṣe ń kó kòkó àti ohun àlùmọ́ọ́nì jáde láì tíì sọ wọ́n di nǹkan, bẹ́ẹ̀ náà ni a ń kó dátà jáde, àwọn mìíràn a sì sọ ọ́ di tíọ́rì, a ó wá padà lọ rà á lọ́wọ́ wọn. Láti ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ìmọ̀ abẹ́lé kì í ṣe ọ̀nà jíjìn. Bí ìṣòro bá jẹ́ pé ìbéèrè wa ti òde wá, ó yẹ kí a lọ wo ìmọ̀ tí ìbéèrè rẹ̀ ti inú ilé wá. Ìgbésẹ̀ tí ó tẹ̀lé ìgbésẹ̀ ìṣáájú ni mo rí níbẹ̀.

Ẹ̀rí mìíràn wà tí àwọn tí ń sọ ìtàn ìpìwàdà kì í wò, ìyẹn ni ọjọ́ orí àwọn àpilẹ̀kọ. Ìwé 1976 kì í ṣe ìwé tí a jókòó kọ ní ẹ̀ẹ̀kan. Àkójọ àpilẹ̀kọ tí ó ti tẹ̀ ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Èyí tí ó ní ìtumọ̀ olókìkí yẹn ti jáde ní 1970 nínú jọ́nà Diogène, ọdún kan náà tí ó parí iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ lórí Edmund Husserl, onímọ̀ fìlọ́sọ́fì tí ó fi èdè Jámánì kọ̀wé, ní ilẹ̀ Faransé. Ohun tí ó wá lọ sí ọ̀dọ̀ Husserl ni èrò nípa sáyẹ́ǹsì: pé ìmọ̀ jẹ́ ohun tí gbólóhùn kan ti ń dá gbólóhùn mìíràn lóhùn, tí ẹnì kan lè tún ohun tí ẹnì kan sọ ṣe. Bí a bá mọ èyí, a ó rí i pé kókó tí ó mú kí ó béèrè ìwé ni pé kí ọ̀rọ̀ lè dúró níbi tí ẹlòmíràn ti lè bá a wí. Sáyẹ́ǹsì ni ó wà lọ́kàn rẹ̀ ṣáájú fìlọ́sọ́fì Áfíríkà, sáyẹ́ǹsì náà ni ó sì padà sí ní 1994.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mo ń sọ pé kò sí ohun tí ó yí. Ọ̀rọ̀ ìwé kíkọ yí. Ní ìgbà àgbà, ó gbà pé àwọn gbólóhùn kan tí òun sọ nípa àṣà ẹnu ti le jù, ó sì gbà pé ẹni tí ń dá ronú kì í ronú nínú òfìfo, pé ohun tí àwùjọ rẹ̀ ti rò ṣáájú ni ó fi ń ṣe àpótí ìjókòó. Ní ojú tèmi, Yáì ati àwọn yòókù borí níbí, ó sì yẹ kí a sọ ọ́ gbangba.

Ohùn rẹ̀ náà sì rọ̀, mo sì rò pé ìdí rẹ̀ wà nínú ìṣèlú ju inú ìwé lọ. Láàárín 1970 sí 1972 ó ń kọ́ni ní Kinshasa àti Lubumbashi, ní àsìkò tí Mobutu, ààrẹ Kóńgò nígbà náà, ń fi ọ̀rọ̀ àṣà ìbílẹ̀ bo ìjọba rẹ̀ mọ́lẹ̀, tí ó sì yí orúkọ orílẹ̀-èdè náà padà sí Zaire ní 1971. Ó padà sílé ní 1972, ọdún tí ológun kan, Kérékou, gba ìjọba níbẹ̀. Ní 1974 ìjọba náà kéde ètò Marx àti Lenin fún gbogbo ènìyàn, ní 1975 Dahomey di Bẹ̀nẹ̀. Ẹni tí ó wà láàárín irú ìjọba méjì yìí, tí ọ̀kan ń fi àṣà baba ńlá pa ènìyàn lẹ́nu mọ́, tí èkejì ń fi ìlànà kan ṣoṣo ṣe é, yóò bẹ̀rù ohunkóhun tí ó bá sọ pé gbogbo wa ń fi ohùn kan ronú. Ó wà nínú àpérò gbogbogbò tí ó wáyé ní Cotonou ní oṣù Kejì 1990, tí ó fòpin sí ìjọba ẹgbẹ́ kan ṣoṣo, ó sì jẹ́ mínísítà láti ọdún yẹn títí di 1993. Nígbà tí ilẹ̀kùn ti ṣí, tí ẹnikẹ́ni lè tako ẹnikẹ́ni ní gbangba, kò ṣe dandan mọ́ kí ó máa fi igi gbá gbogbo ohun tí ó bá ní orúkọ àṣà. Àwọn Yorùbá ní bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni babaláwo fi ń dífá ọrọọrún. Fá kan náà ni ó ń dá, ọjọ́ ni ó yí.

Ẹnìkan lè ní kí a kúkú bi Hountondji fúnra rẹ̀, nítorí ó ti kọ ìtàn ìrìn rẹ̀ sílẹ̀ ní 1997 nínú Combat pour le sens, níbi tí ó ti tọ ọ̀nà náà láti ọ̀dọ̀ Husserl dé ọ̀dọ̀ ìmọ̀ abẹ́lé. Mo ti kà á, mo sì fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a ṣọ́ra. Ẹni tí ó bá ń ròyìn ọ̀nà tí ó tọ̀ lẹ́yìn tí ó ti dé ilé a máa gbàgbé àwọn oríta tí ó ti dúró tí kò sì mọ èwo ni kí òun yà sí. Ìdúróṣinṣin tí mo rí nínú èrò rẹ̀, n kò gbà á tìtorí pé ó sọ bẹ́ẹ̀. Mo gbà á nítorí pé ìkọjúsíta wà nínú ìwé 1976, ní ìgbà tí kò tíì mọ̀ pé òun yóò kọ ti 1994. Níbi tí àlàyé rẹ̀ ní 1997 bá sì gún ju bí àwọn àpilẹ̀kọ àtijọ́ ṣe gún lọ, àwọn àpilẹ̀kọ àtijọ́ ni mo ń gbà gbọ́.

Mo tún rò pé a ń wá ìlà ìpín nínú iṣẹ́ rẹ̀ nítorí ilé ẹ̀kọ́ tí ó ti jáde. Louis Althusser, onímọ̀ fìlọ́sọ́fì ilẹ̀ Faransé, wà lára àwọn olùkọ́ rẹ̀ ní École Normale Supérieure ní Paris, àsìkò náà gan-an ni Althusser sì ń kọ́ ayé pé èrò Marx gé sí méjì ní 1845, pé ọ̀dọ́ Marx kì í ṣe Marx tí a ń wá. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ti ń wá 1845 fún gbogbo amòye. Ọ̀nà yẹn ṣiṣẹ́ fún àwọn kan. Ṣùgbọ́n àwọn èrò mìíràn wà tí ó ń dàgbà bí igi ìrókò, tí ẹ̀ka tuntun ń yọ, tí èyí tí ó gbẹ ń já bọ́, tí ẹni tí ó bá sì ń wá ojú àáké lára rẹ̀ yóò wá a títí.

Ní alẹ́ ọjọ́ tí mo tẹ́ ìwé méjèèjì sílẹ̀ yẹn, mo ka orí tí ó sọ̀rọ̀ nípa Fá nínú ìwé 1994, níbi tí òǹkọ̀wé rẹ̀, Victor Houndonougbo, ti fi ìṣirò yẹ bí ojú odù ṣe ń jáde wò, láti orí 16 dé orí 256. Mo bi ara mi bóyá Hountondji ti 1976 ìbá gbà kí orí yìí wọ inú ìwé òun. Mo rò pé ìbá gbà. Orúkọ ẹni tí ó kọ ọ́ wà lókè rẹ̀, ó sọ ohun tí ó gbà àti ìdí tí ó fi gbà á, mo sì ti fi pẹ́ńsù kọ àtakò sí etí ìwé náà ní ibi méjì.